A kì í fárí lẹ́yìn olórí: ọ̀rọ̀ Odò Ògùn

Onígbàjámọ̀ tó ń fárí fún wa nígbà tí mo wà ní kékeré kì í fi abẹ kan orí ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fọwọ́ pa á yí ká. Á tẹ ìpàkọ́, á tẹ àtàrí, á wá béèrè pé, "Ṣé oówo ò sí níbẹ̀? Ibo ló ń dùn ọ́?" Ẹni tó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò bá a dáhùn. Látìgbà náà ni mi ò ti ka òwe yìí sí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ fúnni nìkan. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Àgbà tó pa á mọ̀ pé abẹ lè mú, kí ọwọ́ sì dá ṣáṣá, síbẹ̀ olórí nìkan ló mọ ibi tí oówo wà.

Orí tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí ni Odò Ògùn. Apá òkè Ṣakí ló ti ń bọ̀, ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì lọ já sínú ọ̀sà l'Ékòó. Odò Ọ̀yán àti ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ń dà sínú rẹ̀ lọ́nà. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn bọ́ sínú odò kan, bí ilé kan ṣoṣo ló rí: ẹni tó gé igi etí omi lókè, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ wá bá ẹni tí kò mọ̀ rí ní Ìṣẹrì. Ìdí nìyí tí orí odò fi ṣòro fá. Àgbẹ̀ àkùrọ̀ ni olórí, apẹja ni olórí, aláró Abẹ́òkúta, oníyanrìn, Fúlàní darandaran, olórìṣà Yemọja, ẹni tó kọ́lé sẹ́sẹ̀ odò, títí dé ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi l'Ékòó tí kò bèèrè ibi tí omi ti wá.

Ní 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ dára: omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, omi fún oko, àti iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 9. Ẹ̀rọ iná mẹ́ta tí wọ́n gbé síbẹ̀ jókòó lọ́pọ̀ ọdún láìtan iná fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Àwọn abúlé tó wà níbi tí omi máa bò ni mo ń rò. Wọ́n kó wọn kúrò, wọ́n tẹ̀dó sétí adágún tuntun. Omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ wá dúró. Níbi tí omi bá dúró tí koríko sì hù sí, ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi á máa bí sí i, ìgbín yìí ló sì ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò náà kì í dúró dìgbà tí èèyàn bá mumi. Ara ló ń gbà wọlé, bí ọmọ bá ń wẹ̀, bí ìyá bá ń fọṣọ, bí apẹja bá ń wọ́ àwọ̀n. Àwọn onímọ̀ yunifásítì ti lọ yẹ ìtọ̀ àwọn ará etí adágún náà wò léraléra, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bá bọ̀: àwọn ọmọ iléèwé tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe díẹ̀.

Mi ò sọ pé ìyá àgbà kan lábúlé ì bá mọ orúkọ ìgbín yẹn. Àmọ́ ká ní onímọ̀ ẹ̀rọ kan jókòó tì í kí omi tó bo ilẹ̀, tó bi í pé, "Ìyá, ibo lẹ ti ń pọnmi? Ibo lẹ ti ń fọṣọ? Ibo làwọn ọmọ ń wẹ̀ sí?", onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn ì bá rí i pé kànga ló yẹ kó ṣáájú dáàmù. Ìbéèrè onígbàjámọ̀ náà ni. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ odò. Bí òjò bá rọ̀ títí tí dáàmù kún, dandan ni kí wọ́n tú omi sílẹ̀, torí dáàmù tó bá ya burú ju ìkún omi lọ. Omi náà á wá kọrí sí Ìṣẹrì, Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ló sá fi ilé sílẹ̀. Ìjọba á ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́lé sójú ọ̀nà odò?" Àwọn aráàlú á ní, "Ẹ̀yin lẹ tú omi lé wa lórí." Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Òtítọ́ kẹta tún wà tí wọn kì í sábà sọ: bí omi ọ̀sà bá ń wọlé, odò ò ríbi jáde, á yí padà sínú ilé. Àwọn apẹja mọ wákàtí tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ bí ẹní mọ àkókò ìrun. Ta ló bi wọ́n kó tó ṣílẹ̀kùn dáàmù?

Àwọn tó ń ṣètò odò á ní àwọn ń bèèrè. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní dárúkọ ẹni tó pè é. Bánà wà, omi inú ọ̀rá wà, ìwé tí a ń kọ orúkọ sí ń yí ká láti àga dé àga. Wọ́n fi àwòrán iṣẹ́ hàn wá lára ògiri, iṣẹ́ tí wọ́n ti fún kọngílá kí wọ́n tó pè wá. Obìnrin kan tó ń ta ẹja nawọ́, ó ní níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò sí, òkúta ló wà lábẹ́. Alága ìjókòó ní àkókò ti lọ, pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, torí kò mọ̀wé kọ. A ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, a túká. Wọ́n ti fárí tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe olórí pé kó wá wo dígí.

Irú ìfárí yìí kì í pẹ́ kó tó dèjà. Àbádòfin lórí omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé wá ní 2017, tí wọ́n tún gbé padà ní 2020, ariwo ló bá pàdé káàkiri, torí àwọn ènìyàn rò pé wọ́n fẹ́ gba etí odò lọ́wọ́ onílẹ̀. Bóyá ohun rere wà nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ nígbà tí abẹ ti kan orí?

Kí n má purọ́ sá, olórí náà níbi tó ti ń jẹ̀bi. Àwọn kan nínú wa ló ń ta etí odò fún oníyanrìn, tí wọ́n ń pín àkùrọ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nítorí náà, kí ìpàdé má parí sáàfin. Ọba ò wọ àwọ̀n, ọ̀pọ̀ baálẹ̀ ò sì fọṣọ létí omi. Kí wọ́n lọ bá àwọn obìnrin lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n lọ bá apẹja nírọ̀lẹ́ tó bá ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Kí ẹni tí yóò máa ka òpó ìwọn omi jẹ́ ọmọ abúlé, kí wọ́n sì máa sanwó fún un. Kí ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ sì wà nínú ìgbìmọ̀ kan náà, torí èèwọ̀ ìlú kan kì í dé ìlú kejì. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo: èèwọ̀ ló dá igi àti ẹja ibẹ̀ sí títí UNESCO, àjọ àgbáyé, fi kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ Òṣogbo ò dé ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, omi ìyá sì ti pọ́n bí ẹrẹ̀.

Mo dúró nílé ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ajégúnlẹ̀. Èédú ló fi fa ìlà sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí omi wọlé. Wọ́n tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, àwọn kan sún mọ́ra bí ìka ọwọ́. Mo bi í bóyá àwọn tó ń ṣètò odò ti wá wọ̀n ọ́n rí. Ó ní àwọn tó wá kùn nọ́ńbà pupa sára ilé nìkan ló mọ̀. Mi ò mú téèpù dání, mo bá fẹ̀yìn ti ògiri láti fi ara mi wọ̀n ọ́n. Ìlà tó ga jù dé àyà mi. Ìyá wò mí, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, jàre. Èyí tó wà lábẹ́ àpótí yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ò ní wọ̀n ọ́n ni?" A jọ gbé àpótí náà kúrò.