Ta ló sọ pé Amẹ́ríkà ò ní àṣà tí wọ́n ń kàwé lé lórí?

Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Maryland níbí, ni wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àdímíṣọ̀n gbà ní yunifásítì ní American Studies, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìtàn àti àṣà Amẹ́ríkà, lòun fẹ́ kà, kò tíì sọ ọ́ tán tí bọ̀dá kan fi já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀: "Amẹ́ríkà wo ló ní àṣà? Kí lo fẹ́ kọ́ níbẹ̀ tí o ò lè rí nínú orin àti fíìmù? Lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì jàre." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò dá wọn lóhùn, ó kàn ń fi fọ́ọ̀kì ti ìrẹsì inú àwo ẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mi ò lè bá ẹni tó jù mí lọ fa ọ̀rọ̀ níwájú àlejò, torí náà ibí ni mo ti máa sọ ọ́. Dìgírì yẹn lèmi náà gbà, òun ni mo fi ń jẹun, ó sì ti sú mi kí ẹni tí ò ṣí ìwé ẹ̀ wò rí máa sọ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ká jókòó ká máa wo fíìmù. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa mú, ilé kan, orin kan, àdúgbò kan, ẹ máa wá fi ìtàn wò ó, ẹ máa fi òfin wò ó, ẹ máa wo mápù, ẹ máa wo owó, ẹ máa ka ohun táwọn tó wà níbẹ̀ kọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán yín kiri láti dípátímẹ́ǹtì kan sí òmíràn. Kì í sì í ṣe àná ni wọ́n dá a sílẹ̀: Harvard ti ní tiẹ̀ láti 1937, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1951, tàwọn ará Britain bẹ̀rẹ̀ ní 1955, bẹ́ẹ̀ làwọn Jámánì ní odindi iléeṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀ ní yunifásítì kan ní Berlin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó la èmi gan-an lójú. Ọdún kẹta mi ni, tíṣà wa ní kí kálukú lọ wá ìwé ilẹ̀ ilé tó ń gbé, kó máa tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn títí á fi dé ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé nígbà yẹn, ilé bíríkì kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní 1939, Yorùbá ló wà lápá ọ̀tún wa, ará Ghana ló wà lápá òsì. Mo wá ìwé ẹ̀ títí mo fi kan èyí tí wọ́n fi taipúráítà tẹ̀ lọ́dún tí wọ́n kọ́ ilé yẹn, ẹ̀dà ẹ̀ ti ṣú, yíǹkì ti dí inú lẹ́tà "e" ẹ̀ pa. Láàárín ìlà tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ sin adìyẹ níbẹ̀ àti èyí tó sọ bí fẹ́ǹsì ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn dúdú kankan ò gbọ́dọ̀ ra ilé yìí, kò gbọ́dọ̀ háyà ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé inú ẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ onílé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe àǹtí mi láti kíṣìnì, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n kà á, wọ́n sì jókòó láìsọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 11 ni wọ́n ti ń san owó báńkì lórí ilé yẹn.

Fíìmù wo ló máa sọ ìyẹn fún yín? Tẹ́ ẹ bá bi lọ́yà, á ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 1948 pé kóòtù kankan ò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́, àti pé òfin 1968 ni kò wá jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lè torí àwọ̀ kọ̀ láti ta ilé fún èèyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ìdí tí àdúgbò kan fi rí bó ṣe rí títí dòní. Ẹ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìtàn, òun láá sọ fún yín pé FHA, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1934 láti dúró fún owó tí báńkì bá yá èèyàn kọ́lé, fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ẹ̀ pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ dáa. Ẹ wá gbé mápù jáde: láàárín 1935 sí 1940, iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn tí wọ́n ń pè ní HOLC ya àwòrán ìlú tó lé ní 200, wọ́n fi àwọ̀ ewé kun àdúgbò tí wọ́n ní ó dáa jù, wọ́n fi pupa kun èyí tí wọ́n ní owó á há sí, níbi tí èèyàn dúdú bá sì wà, pupa ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bá onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣírò ẹ̀, ẹni tó rówó yá ra ilé nígbà yẹn, ọmọ ẹ̀ jogún ilé, ọmọ ọmọ ẹ̀ fi ilé yẹn wọ yunifásítì, ẹni tí wọn ò yá lówó ń san owó háyà títí ó fi kú. Ẹnì kan nínú wọn ò lè dá sọ ọ́ tán fún yín, àfi kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn pọ̀, iṣẹ́ tí dìgírì yìí sì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Torí wọ́n lórin àti fíìmù ni, ó yá, ẹ jẹ́ ká mú orin. Gbogbo wa là ń jó hip-hop. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1973, ní 1520 Sedgwick Avenue ní Bronx, ní ìlú New York, ọmọbìnrin kan, Cindy Campbell, ṣe páátì torí ó fẹ́ rówó ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ síléèwé. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé ìpè ẹ̀ sórí káàdì pélébé: sẹ́ǹtì 25 fún obìnrin, sẹ́ǹtì 50 fún ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Clive, tí wọ́n ń pè ní Kool Herc, ló ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i. Herc yìí ló ṣàkíyèsí pé ibi tí ohùn bá ti dákẹ́ tó ku ìlù nìkan làwọn oníjó máa ń dúró dè, ló bá ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà méjì sórí ẹ̀rọ méjì, tí ibi ìlù bá tán lórí ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí èkejì. Kí ló dé tó fi jẹ́ Bronx? Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti 1948 ni Robert Moses, ọ̀gá ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà àti ilé kíkọ́ ní New York, ti ń la ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín àdúgbò yẹn, tí wọ́n ń lé àwọn ìdílé kúrò nílé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mápù pupa yẹn kan apá gúúsù Bronx, àti pé àwọn onílé kan wà tí wọ́n ń sun ilé ara wọn nítorí owó inṣọ́ránsì. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Jàmáíkà ni wọ́n ti bí Herc, níbi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá síta jó, àti pé òfin ìwọ̀lú 1965 ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti Karibíà, òfin yẹn náà ló ṣí i fún àwa náà tá a wà níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Àṣà nìyẹn. Tíyẹn ò bá jẹ́ àṣà, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní orílẹ̀-èdè kékeré ni, 1776 lásán ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, Cahokia, nítòsí ibi tí St. Louis wà báyìí, ti jẹ́ ìlú ńlá, òkìtì tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ mọ ṣì wà níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé Yorùbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, torí àṣà tiwa gan-an wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Mo kọ ìwé kan nípa Oyotunji, abúlé táwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ti ń gbé ìgbé ayé Yorùbá ní South Carolina. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ní 1970, Detroit ni wọ́n bí i sí ní 1928, orúkọ ẹ̀ ni Walter King, ó lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas ní Cuba ní 1959, ó padà sí Harlem, ó di Adefunmi, nígbà tó sì di 1981 Ọọ̀ni Sijuwade fi í joyè ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ìtàn nìkan ṣàlàyé ìyẹn, tàbí ẹ̀sìn nìkan. Ẹ ò lè ṣe é.

Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́: ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà ń gbowó jù mí lọ, mo gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tá a jọ jáde ló tètè ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì wa, lọ́yà wà, tíṣà wà, oníròyìn wà. Èmi wà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilé àtijọ́, kí wọ́n tó wó nǹkan tàbí kọ́ nǹkan, èmi ni mo máa ń wá ìtàn ibẹ̀ jáde. Lọ́dún tó kọjá, mápù àtijọ́ kan àti ìwé ilẹ̀ kan ni mo fi mọ̀ pé ibi tí wọ́n fẹ́ da ọ̀dà sí kí mọ́tò lè máa páàkì, ibi tí wọ́n sin àwọn ẹrú sí ni. Wọ́n dá iṣẹ́ yẹn dúró. Kò sí fíìmù tó kọ́ mi ní ìyẹn.

Nígbà tí ayẹyẹ parí, mo gba nọ́ńbà ọmọ yẹn lọ́wọ́ màmá ẹ̀, mo sì fi fọ́tò ìwé ilẹ̀ ilé àǹtí mi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi kọ̀wé padà: ta ló kọ ọ́, ta ló fọwọ́ sí i, ilé tiwọn ńkọ́? Ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ wá tiwọn.