Bàbá, Iná Ojú Títì Kì Í Wọ Àpótí Ìrẹsì

Ọ̀kun o, Bàbá! Mo ti gbọ́. Ẹ sọ nípàdé ìlú ní Kábbà pé èmi ni mo ni gbogbo iná ojú títì tó ń darí ọkọ̀ ní Houston, l'Amẹ́ríkà níbí, pé mo máa fi ọ̀kan ránṣẹ́, pẹ̀lú ìrẹsì.

Bàbá, ẹni tó fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì gbọ́dọ̀ níbi tó máa dúró sí, kó má dí ẹni tó ń lọ tààrà lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ 120 bá ń yà ní wákàtí kan, tí iná ń yípo, láti ewé dé pupa padà sí ewé, ní ìṣẹ́jú-àáyá 90, ọkọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ló kan ìyípo kan. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà, torí ọkọ̀ kì í dé létòlétò. Mítà 7.5 fún ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan, ó di mítà 45, a ò tíì ka ibi tí wọ́n á ti máa tẹ búréèkì. Ẹ̀yin ní mítà mẹ́wàá ti tó, kó má bàa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yín! Ọkọ̀ kejì á ti yọ̀dí sójú ọ̀nà, tírélà sìmẹ́ńtì láti Òbájànà á sì bá a níbẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í tọ ipa tiwájú, inú kọ̀rọ̀ ló ń gé sí. Bí igun bá há, ó ti gun ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Tírélà méjì tó dojú kọra tí wọ́n jọ fẹ́ yà sósì máa ń bo ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí ọfà aláwọ̀ ewé nìyẹn: ó ń tàn fún àwọn tó ń yà, pupa ń dá àwọn tó kọjú sí wọn dúró. Bó bá parí, yẹ́lò á tàn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ó kéré tán, lẹ́yìn náà pupa fún gbogbo ayé díẹ̀, kẹ́ni tó wà láàárín ráyè jáde.

Ẹ gbọ́ gbogbo èyí tán, ẹ gbé ọmọdé kan sórí àga, ẹ fi ọ̀rá aláwọ̀ mẹ́ta wé tọ́ọ̀ṣì fún un! Ewúrẹ́ nìkan ló gbọ́ràn. Ọmọ lọ jẹun, ó fi pupa sílẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé Ìyàrà, ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ ilé ọkọ bímọ sórí ìlà, wọ́n sọmọ lórúkọ níbẹ̀.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò bi mí rí bóyá mo jẹun. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sin Màmá, inú fóònù ni mo wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó bu yẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí padà.

Ó dáa, ó dáa. Bí NEPA bá múná lọ ńkọ́? Ẹ ra bátìrì sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kálukú á dúró kó tó kọjá... Kí lẹ wí? Bàtà? Nọ́mbà 45? Ẹ tiẹ̀ mọ 45!