Evil Spirit Gba Àdúrà, Galaxy Mi Gba Ẹ̀gàn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹjọ́ ni mo mú wá.

Àbúrò ìyàwó mi ló ti Àbújá gbé Honda Accord 2008 dé sí Kàbà. Ẹ mọ orúkọ tí ìgboro sọ ọ́: Evil Spirit. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé e wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. Pásítọ̀ tó fi àìsùn ọjọ́ Ẹtì lé ẹ̀mí èṣù títí ohùn rẹ̀ fi há, òun náà ló ń da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Evil Spirit, tí gbogbo wa ń ké “Àmín!”

Èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n gbé Ford Galaxy mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò, kó má baà hàn nínú fọ́tò.

Orúkọ là ń rà báyìí, a ò ra mọ́tò mọ́. Camry kan ń jẹ́ Big Daddy, òmíràn ń jẹ́ Muscle. Tí Oṣù Kejìlá bá ti dé, tí àwọn ọmọ wa bá tú wálé, ẹni tó gbé Honda tí wọ́n ń pè ní End of Discussion wá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí. Jíìpù tó ga bí àjà yóò dúró, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò bọ́ sílẹ̀, òun àti fóònù méjì. Galaxy ò ní oríkì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, ní Palmela ní Pọ́túgàl, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òun àti Volkswagen Sharan ní 1995. Ọmọ ìyá ni wọ́n! Àwọn tó ń jà du àyè nínú Sharan ní gáréèjì ló ń bi mí pé, “Bàbá, ẹ ò tíì ta nǹkan yìí?” Mo béèrè bíréékì páàdì Galaxy lọ́jà nígbà kan, ọlọ́jà mí kanlẹ̀, ó ní ó ti ṣọ̀wọ́n, ó dá iye tó mú mi jókòó. Mo rán ọmọ mi padà, mo ní kó bèèrè ti Sharan. Páálí kan náà, orí pẹpẹ kan náà, ìdajì owó. Látìgbà náà, Sharan ni mọ́tò mi ń jẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Tó bá délé ló ń padà di Galaxy.

Ìjókòó méje ló ní, ti ẹ̀yìn sì ṣeé yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wúwo o, ẹ má fi ẹ̀yìn yín ṣeré. Ọ̀kan tí mo yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àyè lè gba iṣu, ìyá mi ò dá a padà mọ́: orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí bó ẹ̀gúsí.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìdúpẹ́ parí, ó ku bí ìyá ìyàwó mi yóò ṣe délé, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta, kúlà ìrẹsì méjì, pẹ̀lú àpò iṣu. Sípíkà ti gba gbogbo bọ́ọ̀tù Honda. Ọmọ wọn fi ọ̀yàyà ṣílẹ̀kùn: “Màmá, ẹ bọ́ sínú Evil Spirit.”

Màmá bi í lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló pè é.

Ìgbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, wọ́n ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. “Bàbá Dúpẹ́, ẹ ṣí i fún wa jàre.”