Ṣákírà méje aláwọ̀ òṣùmàrè kì í ṣe ọgbọ́n 5,000 ọdún

Láàárọ̀ àná, àǹtí mi kan tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Ó ní àwọn ará Íńdíà ti rí i láti 5,000 ọdún sẹ́yìn pé ṣákírà méje, ìyẹn ojúkò agbára, ló wà lára èèyàn, pupa nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, elésè-àlùkò lókè àtàrí, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè tò sáàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń darí hòmóònù tirẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ ara. Ó wá fi kún un pé, "Ìwọ tó ń ṣe yógà, àbí irọ́ ni?" Ẹ má bínú, àǹtí mi, irọ́ ni. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe yógà, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ méje yẹn ni mò ń bá jà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú mi.

Ibi tó ti wá kò fara sin. Lọ́dún 1577, Pūrṇānanda, onítántírà (ẹlẹ́sìn tó ń fi ohùn àti àwòrán inú ọkàn jọ́sìn) ará Bengal ní Íńdíà, kọ ìwé kan ní èdè Sanskrit tó pè ní Ṣaṭ-cakra-nirūpaṇa. Ẹẹ́fà ni ṣaṭ. Àlàyé ṣákírà mẹ́fà nìyẹn, òdòdó ẹlẹ́gbẹ̀rún ewé tó wà lókè orí ni wọ́n kà mọ́ ọn tó fi di méje. Lọ́dún 1919, John Woodroffe, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Calcutta, gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ orúkọ Arthur Avalon, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Òyìnbó ti mọ̀ nípa rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé ọ̀hún wò. Ti ìdí pupa lóòótọ́, mi ò jiyàn ìyẹn. Ti ìdodo tí wọ́n ń kùn ní yẹ́lò, Pūrṇānanda ní ó dúdú bí òjò tó ṣú. Ti àyà tí wọ́n ń kùn ní àwọ̀ ewéko, pupa ló pè é, bí òdòdó bandhūka. Ti ọ̀fun tí wọ́n ń kùn ní búlúù, àlùkò tó ṣe bí èéfín ni, òṣùpá funfun wà láàárín rẹ̀, erin funfun sì wà níbẹ̀. Ta ló ti rí erin rí lára àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé yógà?

Èyí tó dá mi lójú jù lọ rèé. Òdòdó ni ìwé náà fi ṣàpèjúwe ṣákírà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ewé òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ti ìdí 4, ti abẹ́ ìdodo 6, ti ìdodo 10, ti àyà 12, ti ọ̀fun 16, ti àárín ojú 2. Ẹ rò ó pọ̀: 50. Àádọ́ta ni lẹ́tà Sanskrit bí àwọn onítántírà ṣe ń kà á, lẹ́tà kan lórí ewé kan, kò lé, kò dín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bírò, mo yà wọ́n, mo sì ń kọ lẹ́tà sí wọn: va, śa, ṣa, sa sórí mẹ́rin ti ìdí, fáwẹ̀lì mẹ́rìndínlógún sórí ti ọ̀fun, ha àti kṣa sórí méjì tó kù. Kí n tó kọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ló ti yé mi pé ẹni tó ṣètò yìí kò la ara ẹnikẹ́ni wò. Álífábẹ́ẹ̀tì ló ń tò sára. Onítántírà gbà pé inú ohùn ni ayé ti jáde, ó wá ń pe ohùn kọ̀ọ̀kan sí ibì kan lára rẹ̀, ó ń fọkàn ya òrìṣà, òdòdó àti ẹranko síbẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi di ojúbọ. Ìjọsìn ni, ó sì jinlẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ di àwòrán ilé ìwòsàn ló bà á jẹ́.

Bó bá jẹ́ ohun tó wà lára bí kíndìnrín ṣe wà ni, iye rẹ̀ kò ní máa yí láti ìwé dé ìwé. Hevajra Tantra ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ka mẹ́rin. Siddhasiddhāntapaddhati ka mẹ́sàn-án. Patañjali, òǹkọ̀wé yógà ayé àtijọ́ tí àwọn olùkọ́ yógà kì í yéé dárúkọ, dárúkọ ṣákírà ìdodo lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì kọjá lọ. Mo gbà pé mẹ́fà yẹn ti wà nínú Kubjikāmata Tantra ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé 5,000.

Ará Íńdíà fúnra rẹ̀ sì ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Dayananda Saraswati, ẹni tó padà dá Arya Samaj, ẹgbẹ́ àtúnṣe ẹ̀sìn Híńdù, sílẹ̀ lọ́dún 1875, sọ fúnra rẹ̀ pé òun rí òkú kan tó léfòó lórí odò Gáńjíìsì, òun bọ́ṣọ, òun wọ odò lọ gbé e wá sétí bèbè. Ó fi ọ̀bẹ là á, ó yọ ọkàn rẹ̀ wò, ó yẹ orí àti ọrùn rẹ̀ wò, ó ń fi í wé ohun tó wà nínú àwọn ìwé yógà tó ń kà. Kò bára mu rárá. Ó fa àwọn ìwé náà ya, ó sì jù wọ́n tẹ̀ lé òkú náà sínú odò.

Àwọn tó gba ṣákírà gbọ́ á ní, "Ooru ń gun ẹ̀yìn mi tí mo bá ń mí." Fọkàn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, òun náà á gbóná.

Ní ti òṣùmàrè, àwọn ọdún 1970 ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìwé Christopher Hills ti ọdún 1977 sì wà lára ohun tó tàn án ká. Ọ̀rọ̀ náà hòmóònù gan-an, ọdún 1905 ni Ernest Starling, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, kọ́kọ́ lò ó nígbà tó ń sọ̀rọ̀ fáwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti hòmóònù yìí ló ń dùn mí jù. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ọrùn mi wú, ohùn mi há, òtútù ń mú mi nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, oorun sì ń kùn mí lọ́sàn-án gangan. Olùkọ́ yógà kan so irin róbótó mọ́ okùn, ó nà án síwájú ọ̀fun mi. Irin náà kò mì. Ó ní ṣákírà ọ̀fun mi ti dí, ó sì ta òkúta búlúù kan fún mi, kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, pé kí n máa gbé e lé gògóńgò lálaalẹ́. Oṣù méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ pẹ̀lú òkúta tútù yẹn lọ́rùn, tí wíwú náà ń pọ̀ sí i. Àǹtí mi yìí kan náà ló wò mí lójú níbi ìsọmọlórúkọ kan, tó ní, "Gẹ̀gẹ̀ rèé o, lọ rí dókítà." Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, èsì ti dé: thyroid mi, ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń tú hòmóònù jáde, kò ṣiṣẹ́ tó. Láti ìgbà náà, oògùn kékeré funfun kan ni mò ń gbé mì láràárọ̀ kí n tó jẹun, lẹ́yìn náà ni mo tó tẹ́ ẹní yógà mi.