Bí ìfun ọmọ tuntun ṣe rí níta kọ́ ló ń sọ bóyá á yè

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí torí ó ti ń dùn mí tipẹ́. Tí wọ́n bá bí ọmọ tí ìfun ẹ̀ wà níta, tàbí tí síkáànù bá ti fi hàn látinú oyún, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé "ọmọ yẹn ò lè yè", wọ́n á wá máa fojú wọ̀n ọ́n, pé bí ohun tó jáde yẹn bá ṣe pọ̀ tó, bó bá ṣe bani lẹ́rù tó, bẹ́ẹ̀ náà nikú ṣe sún mọ́ ọmọ ọ̀hún tó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọsibítù náà máa ń sọ ọ́ nígbà míì. Irọ́ ni o, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèèyàn ń kó pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan ni gastroschisis: ihò kan ló wà lára ikùn, ó sábà máa ń wà lápá ọ̀tún ìdodo, ìfun á gba ibẹ̀ yọ sóde, kò sí awọ kankan tó bò ó, inú omi oyún ló wà láti bí oṣù mélòó kan, torí náà tí wọ́n bá máa fi bí ọmọ, ìfun yẹn á ti pọ́n, á ti wú, tàwọn míì á tiẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹni tí ò bá rí irú ẹ̀ rí, àyà ẹ̀ á já. Èkejì ni omphalocele: ojú ìdodo gan-an lèyí ti jáde, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó bí àpò, okùn ìwọ́ wá so mọ́ àpò yẹn, ìfun lè wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà lè wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ọmọ méjèèjì síwájú yín, èyí tó ní awọ lẹ máa rò pé ó sàn jù.

Ibẹ̀ gan-an lojú ti ń tàn wá jẹ. Ọmọ tó ní gastroschisis, lọ́pọ̀ ìgbà, ìfun nìkan ni ìṣòro ẹ̀, ọkàn ẹ̀ dáa, kúrómósómù ẹ̀ (ohun tó gbé àbùdá èèyàn nínú sẹ́ẹ̀lì) pé, kò sí nǹkan míì tó ń ṣe é. Níbi tí ohun ìtọ́jú bá ti pé, ó lé ní 90 nínú 100 wọn tó ń yè. Omphalocele tó rọra jókòó sínú awọ yẹn ni àìlera míì sábà máa ń bá rìn, bí ìṣòro ọkàn, tàbí ti kúrómósómù bíi trisomy 13 àti trisomy 18 (ìyẹn ni pé kúrómósómù kan lé sí iye tó yẹ). Èyí tó tún máa yà yín lẹ́nu jù ni pé omphalocele tó kéré, tí ẹ̀dọ̀ ò sí nínú ẹ̀, ni wọ́n máa ń bá ìṣòro kúrómósómù lára ẹ̀ ju ńlá lọ. Ńlá náà ní tiẹ̀, torí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè má dàgbà tó, èémí ló sì máa ń dà á láàmú ju ikùn lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ẹ má wo wíwú nìkan. Ẹ tún wo ahọ́n ọmọ: tó bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ Beckwith-Wiedemann, àìsàn àbímọ́ kan tó ń mú kí ẹ̀yà ara tóbi jù, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn tẹjú mọ́ ikùn.

Ká tiẹ̀ dúró lórí gastroschisis nìkan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní Kánádà ṣe ètò máàkì kan tí wọ́n fi ń wo ìfun ní gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, nǹkan mẹ́rin péré ni wọ́n ń wò: ṣé ìfun lẹ̀ mọ́ra wọn, ṣé ibì kan wà tó dí látinú oyún, ṣé ibì kan lu, ṣé ibì kan ti kú. Lílẹ̀ mọ́ra tó le gan-an gba 4, kíkú tó gbòòrò gba 4, dídí àti lílu gba 2, 2. Tí àpapọ̀ máàkì bá ti tó 2, ọmọ lè pẹ́ lọ́sibítù, oúnjẹ lè ṣòro fún un, tó bá ti tó 4 sókè, ẹ̀mí gan-an ló wà nínú ewu. Ẹ padà lọ kà á o, kò sí bí ìfun tó jáde ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, kò sí bí ihò ṣe fẹ̀ tó níbẹ̀. Ihò tó há gan-an tiẹ̀ lè fún ìfun lọ́rùn nínú oyún kí ẹ̀jẹ̀ má débẹ̀ mọ́, ó wá burú ju èyí tó ṣí gbayawu lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ibi tí wọ́n bá bí ọmọ sí ló ń pinnu púpọ̀. Ìwádìí kan jáde ní 2021 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, ọsibítù 264 ní orílẹ̀-èdè 74 ló kópa. Nínú àwọn ọmọ tó ní gastroschisis, 2 péré ló kú nínú 139 láwọn orílẹ̀-èdè olówó, láwọn tó wà láàárín ó tó bí ọmọ 1 nínú 3, láwọn tó tálákà jù 9 kú nínú 10. Àìsàn kan náà, ihò kan náà! Torí náà ẹni tó ní "kì í yè" yẹn, ohun tí ò sí nílẹ̀ ló ń sọ: òtútù, omi tó gbẹ lára ọmọ, kòkòrò tó wọ ẹ̀jẹ̀, àìrí oúnjẹ gba inú iṣan. Àwọn yẹn sì ni wọ́n ń pa á.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ fi náílọ́nù tó mọ́ bo ọmọ láti ẹsẹ̀ dé àyà, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ wé ìfun, ẹ má gbìyànjú láti tì í wọlé, ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ sí apá ọ̀tún kí ìfun má bàa lọ́, kí wọ́n fi rọ́bà gba imú ẹ̀ lọ sínú ikùn, kí wọ́n fún un ní dírípù, kí ara ẹ̀ máa móoru, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà. (Tí aláboyún bá ti mọ̀ látorí síkáànù, kó kúkú lọ bímọ síbẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá là á fún gastroschisis o, bíbí tí wọ́n bí i lójú ara ò pa ọmọ lára.) Tí ìfun ò bá ṣeé dá padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kó o sínú àpò rọ́bà kan tó mọ́ gaara, wọ́n á fi okùn so ó sókè lórí ọmọ, ìfun á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á máa dì í mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi wọlé.

Tó bá wọlé tán, tí ikùn ti pa dé, iṣẹ́ ṣì wà, torí ìfun á ṣì máa sùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà tó gba imú lọ sínú ikùn yẹn lèmi máa ń wò. Níbẹ̀rẹ̀, omi aláwọ̀ ewé tó ki ló máa ń gba ibẹ̀ jáde, á wá máa dín kù, á máa mọ́ sí i, títí á fi dà bí omi lásán. Ọmọ á yàgbẹ́. Wọ́n á wá fi ọmú ìyá ẹ̀ tí wọ́n fún sínú abẹ́rẹ́ gba inú rọ́bà kan náà yẹn wọlé, mílílítà kan, méjì.