Pépà tó kúnná jù kọ́ ló ń pa ìlà rẹ́ lára ọ̀bẹ

Láàárín àwa tí a ń fọwọ́ dán ọ̀bẹ ní Àbújá níbí, ohun kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa ló gbà á gbọ́: bí ìlà bá ṣì ń hàn lára irin lẹ́yìn tí a ti fi sáńpépà họ ọ́, pépà náà ni kò tíì kúnná tó. Ẹ lọ ra pépà nọ́ńbà 1500 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni pépà ṣe ń kúnná tó). Bí kò bá gbọ́, ẹ ra 2000. Kì í ṣe òótọ́, owó tó sì ti bá a lọ kò kéré.

Èmi náà gbà á gbọ́ pẹ́. Mo rántí ọ̀bẹ kan tí mo fi súpíríǹgì mọ́tò ṣe fún ẹnìkan tó fẹ́ fi ta bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Odindi ewé 2000 mẹ́ta ni mo lò tán lórí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀bẹ ń dán bíi dígí, ìlà náà sì wà níbẹ̀ ketekete, ó tiẹ̀ hàn ju ti àná lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kun ọ̀dà mọ́tò ní Apo Mechanic Village ló gbà á wò. Ó ní, “Àbúrò, ìsàlẹ̀ lo ti fo iṣẹ́. Padà sí 220.”

Ìlà kì í ṣe ìdọ̀tí tí a lè nù kúrò; kòtò ni. Kí kòtò tó parẹ́, àfi kí a họ gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká títí yóò fi bá ìdí rẹ̀ dọ́gba. Yanrìn ara pépà nọ́ńbà 120, tí wọ́n ń kọ ní P120, tóbi tó 125 máíkírónì, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà. Ti P220 jẹ́ 68, ti P400 jẹ́ 35, ti P2000 kò sì ju nǹkan bíi 10 lọ. Kòtò tí P120 gbẹ́, P220 lè bá ìdí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. P2000 lè má bá a láti àárọ̀ dalẹ́. Dídán ló sì tún ń tú u fó, nítorí ara irin tó tẹ́jú ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ̀gbẹ́ kòtò kò sì lè dá a padà bákan náà.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé a ti parí pépà kan ni ká yí ọwọ́ padà. Bí ẹ bá fi P220 fà á ní gígùn, ẹ fi P320 fà á ní ìdábùú, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ iná. Bí ìlà kan ṣoṣo bá ṣì dojú kọ ibi ti àtijọ́, ẹ má tíì lọ síwájú.

Lẹ́tà P yẹn náà ṣe pàtàkì púpọ̀. Ìwọ̀n Yúróòpù ni. Nọ́ńbà tí kò ní P sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì kò sì bára mu bí nọ́ńbà bá ti ga: 400 tí kò ní P súnmọ́ P800, 600 súnmọ́ P1200. Ẹni tó bá kúrò ní P400 bọ́ sí 600 tí kò ní P yóò rò pé ìgbésẹ̀ kan ni òun gbé, bẹ́ẹ̀ ó ti fo P600, P800 àti P1000.

Nítorí náà, owó tí ẹ fẹ́ fi ra pépà 2000 yẹn, ẹ kó o sórí P220 àti P320. Irin tí iná àti òróró ti mú le máa ń fọ́ yanrìn pépà kíákíá, pépà tó ti pá kò sì ń gé irin mọ́, ó kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ewé kan jẹ́ mìlímítà 230 ní ìbú, 280 ní gígùn. Mo máa ń ya á sí ọ̀nà 10, bí ọ̀kan bá ti ń yọ̀, mo mú òmíràn.

Ní ọjà Dei-Dei tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò, pépà olómi dúdú, èyí tí a lè fi omi lò, ni kí ẹ béèrè. Ẹ ra ewé kan ṣoṣo kí ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ ká a: bí yanrìn bá dà sílẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dára. Ẹ ti igun rẹ̀ bọ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bí ó bá rọ̀ bí ìwé ìròyìn, kì í ṣe pépà olómi. Ẹ wá fà á lára irin. Bí ìlà jíjìn kan bá yọ láàárín àwọn wẹ́wẹ́, yanrìn ńlá ti bọ́ sínú rẹ̀, bí ó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ fi sílẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fọ ọ̀bẹ àti igi tí ẹ fi ń di pépà mú kí ẹ tó yí nọ́ńbà padà, torí eruku náà ń ha irin.

Mo padà sí P220 lórí ọ̀bẹ bàbá ìyàwó yẹn. Ewé kan àti ààbọ̀ ló gbà. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú P320, lẹ́yìn náà P400, tí mo fà ní gígùn lójú kan náà, láìsí àlọ-àbọ̀, mo sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ni ín gbé e sójú oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ìlà kankan tó dábùú.