Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ààbò Dé Ibi Tí Ewu Wà

Ìwé tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ̀ mọ́ ògiri kò gùn. A kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà; ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìṣàkóso àyíká àti ààbò níbi iṣẹ́ kò ní í lọ fún oṣù mẹ́rin SIWES wọn mọ́, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́. Kí wọ́n jókòó sí kíláàsì, kí wọ́n wo fídíò, kí wọ́n sì kọ ìròyìn gígùn kan fún olùkọ́. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ibi ìlagi àti ibi ìfọ́kúta léwu jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Àwọn ọmọ tí yóò jáde wá máa ṣọ́ ẹ̀mí òṣìṣẹ́ níbi tó léwu ni wọ́n ní kí wọ́n má dé ibi tó léwu. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọgbọ́n nínú èyí, kó wá fi hàn wá.

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ̀rọ̀ lórí SIWES kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí a wí nígbà náà ni pé òǹtẹ̀ inú logbook, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sí, kọ́ ni iṣẹ́. A ní akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tí kò dé ìdí ẹ̀rọ rí kò yẹ lẹ́ni tí ń buwọ́ lu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nídìí ẹ̀rọ. A ní kí olùkọ́ tí wọ́n yàn láti bẹ ọmọ wò dé ibẹ̀ gan-an, kó má fi fóònù béèrè. Àtúnṣe la ń béèrè. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé kí ètò náà kúrò nílẹ̀ pátápátá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àjọ ITF, ti ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá SIWES sílẹ̀ ní ọdún 1973 nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé ọmọ tó jáde mọ ìwé, kò mọ iṣẹ́. Ìráhùn náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kànga, nítorí ó wọ́pọ̀ ní àwọn àdúgbò wa l'Ákùúrẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á lọ sílẹ̀, onílé á ránṣẹ́ pe agbẹ́kànga pé kó jìn ín sí i. Wọ́n á sọ ẹ̀rọ afami tó ń lo pẹtiróòlù kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti fa omi ìdọ̀tí jáde. Èéfín ẹ̀rọ yẹn ní carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, kò sì níbi tí yóò gbà jáde. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ̀kalẹ̀, á ṣubú. Ẹnìkejì á rò pé òòyì ló kọ́ ọ, á tẹ̀lé e láti gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé irú ìjàǹbá yìí kì í sábà pa ẹnì kan ṣoṣo. Ti ṣáláńgá àti sọ́kàwéè tún burú ní ọ̀nà tirẹ̀. Hydrogen sulphide tó wà níbẹ̀ máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti tó nǹkan bí 100 ppm (ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan), imú kò ní í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ á rò pé gáàsì ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé imú rẹ̀ ló ti kú.

Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ààbò gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi mítà gáàsì yẹ irú ihò bẹ́ẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Mítà tí wọ́n ń lò jù ń ka nǹkan mẹ́rin: ọ́síjìn, gáàsì tó lè gbiná, carbon monoxide àti hydrogen sulphide. Ìta la ti ń tàn án, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, kí ọ́síjìn ka 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún. A ó fẹ́ gáàsì ìdánwò sí i láti inú silíńdà kékeré rẹ̀, ká gbọ́ kó ké. Lẹ́yìn èyí la ó sọ rọ́bà rẹ̀ kalẹ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, nítorí pé hydrogen sulphide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, methane, gáàsì tó lè gbiná, sì fúyẹ́ jù ú. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, a ó dúró, torí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà gòkè kí sensọ̀, ẹ̀yà inú mítà tó ń mọ gáàsì, tó mọ̀ pé ó dé. Ẹni tó bá ń kánjú yóò ka afẹ́fẹ́ òkè, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀. Ọ́síjìn la kọ́kọ́ ń wò. Bí kò bá tó, nọ́ńbà tí mítà ń kà fún gáàsì tó lè gbiná kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ sensọ̀ náà nílò ọ́síjìn kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí ọ́síjìn bá ti wà lábẹ́ 19.5, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dára pàápàá, okùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń wọlé, kí a lè fà á jáde láti òkè láìsí pé ẹlòmíràn tẹ̀lé e.

Fídíò wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ ní sùúrù yẹn?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nípa mítà yìí tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa kì í fẹ́ gbọ́. Sensọ̀ inú rẹ̀ ń gbó, ì báà wà nínú páálí. Púpọ̀ nínú wọn kì í lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ. Èyí tí wọ́n rà, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún márùn-ún lè tan iná, kó kọ nọ́ńbà sójú, kó má sì mọ gáàsì kankan. Èyí burú ju kí a má ní mítà rárá lọ, nítorí ẹni tí kò ní mítà á ṣì máa bẹ̀rù.

Àwọn aláṣẹ ní ibi ìlagi léwu. Ó léwu lóòótọ́. Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n lọ nìyẹn. Ariwo ẹ̀rọ CD tó ń la gẹdú kì í ṣe ohun tí a ń fojú bù. Òṣùwọ̀n ariwo tí àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, gbé kalẹ̀ ni dẹ̀síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8. Bó bá fi 3 lé, a ó pín àkókò náà sí méjì: 88 fún wákàtí 4, 91 fún wákàtí 2, títí dé 100, tí kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ èyí sórí yóò gba máàkì. Ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé kí ó tó wọn ariwo, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìdánwò tó ń dún ní 94 yẹ mítà rẹ̀ wò, kó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá parí? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ etí ẹni tó ń ti igi sẹ́nu ayùn ni ká gbé e sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá? Ṣé ó mọ̀ pé ariwo ìgbà tí ayùn ń gé igi yàtọ̀ sí ti ìgbà tó ń yí lásán, tí a sì gbọ́dọ̀ wọn méjèèjì? Ní báyìí, áàpù orí fóònù ni wọ́n fi ń wọn ariwo, ohun tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí. Eruku igi náà wà níbẹ̀, èyí tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti kà mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ti ibi ìfọ́kúta, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àpáta wa ní silica nínú, èròjà tó wà nínú iyanrìn. Eruku tí ojú ń rí kọ́ ló ń pani, èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò rí i ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń dá ọgbẹ́ tí kì í san síbẹ̀. Àwọn ọmọ lè ka ìgbésẹ̀ márùn-ún ìdènà ewu láìwò ìwé: mú ewu náà kúrò, fi ohun tí kò léwu rọ́pò rẹ̀, fi ẹ̀rọ dí i, yí ọ̀nà iṣẹ́ padà, kí aṣọ àti ìbòmú tó kàn. Ẹ mú wọn dé ìdí ẹ̀rọ ìfọ́kúta kan ní apá Ìta-Ògbólú, ẹ wá bi wọ́n pé níbo ni ó yẹ kí omi ti máa wọ́n sórí òkúta. Ìbòmú ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ mẹ́nu kàn, ìbòmú aláṣọ tí silica ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kódà èyí tó dáa kò ní í lẹ̀ dáadáa mọ́ ojú ẹni tó dá irùngbọ̀n sí.

Ẹ̀ka àyíká kò sàn jù. Láti mọ bí ìdọ̀tí ṣe pọ̀ tó nínú omi odò Àlà tó la ìlú yìí kọjá, àyẹ̀wò BOD wà, tó ń wọn ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò inú omi ń jẹ, tó sì ń gba ọjọ́ 5. Ìgò náà gbọ́dọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Inú òkùnkùn ni yóò wà, ní ìwọ̀n ooru 20 Celsius gẹ́lẹ́. Inú yìnyín la ó sì ti gbé e wá láti odò, kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ má bàa ti jẹ ọ́síjìn tán lójú ọ̀nà. Bí iná bá lọ ní òru ọjọ́ kejì, tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀ tó tàn, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, ká tún un bẹ̀rẹ̀ ló kù. Iná ìjọba tí gbogbo wa mọ̀ yìí ńkọ́? Ibo wá ni àwọn nọ́ńbà tó ń wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ ti ń wá lọ́dọọdún? Àwọn olùkọ́ mọ̀. Àwọn ọ̀gá wọn náà mọ̀.

Ẹ̀rù tí àwọn aláṣẹ ń bà nípa ìjàǹbá kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà gan-an ni ọ̀nà àbáyọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé àyẹ̀wò ewu fún ibi tó fẹ́ lọ kó tó lọ: kí ló lè ṣe mí níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ti ṣe sí i, kí ló kù. Kí olùkọ́ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú. Ibi tí kò bá sí ìdáàbòbò lára ayùn, kí wọ́n má rán ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún olówó ibẹ̀. Kí bàtà àti ìdíwọ́ etí tó bá ọmọ mu wà kó tó kúrò nílé. Kí ó wà nínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ wọ kànga, táńkì tàbí ihò kankan, pé òkè ni yóò dúró sí pẹ̀lú mítà. Kò sí èyí tó le níbẹ̀. Ohun tó le ni kí ọ̀gá dìde lórí àga.

Ìpinnu yìí tún ń ti àwọn ọmọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ tó jáde láìmọ mítà dì mú yóò lọ san owó fún HSE 1, 2 àti 3, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera, ààbò àti àyíká, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, yóò gbé sàtífíkéètì mẹ́ta jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò sì gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ ju kó rí òǹtẹ̀ lọ. Láti ọdún 2014 ni òfin ti fi ìdí ISPON, ẹgbẹ́ àwọn amòye ààbò ní Nàìjíríà, múlẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin aláṣẹ, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ bá wọn na ọjà yẹn ni?

Kí kọmíṣọ́nnà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wà lọ́wọ́ rẹ̀ má fi lẹ́tà dáhùn. Kí ó pe ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n fagi lé ìwé ara ògiri yẹn kí sáà tuntun tó wọlé, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi àyè sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú lábárétì (yàrá àyẹ̀wò) ẹ̀ka náà sórí ìwé kan: ọdún tí wọ́n rà á, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà lábárétì ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí òbí tó bá wá san owó ilé-ìwé lè kà á kó tó dé báńkì.